Ta ló rán ẹni tó yìnbọn fún Coligny? Má tíì kọ orúkọ Ìyá Ọba sílẹ̀

Àbúrò, o ní ìwé àṣekágbá rẹ dá lórí ogun ẹ̀sìn láàrin ìjọ Àgùdà àti àwọn Huguenot, ìyẹn àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ilẹ̀ Faransé. O ní gbogbo ohun tí o ti kà ló ń sọ pé Catherine de Médicis, ìyá Ọba Charles Kẹsàn-án, ló rán ẹni tó yìnbọn fún Gaspard de Coligny, aṣáájú àwọn Huguenot, ní Paris lọ́dún 1572, o wá ń béèrè bóyá kí o kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí o fi parí orí kẹta. Mo bẹ̀ ọ́, má tíì kọ ọ́. Èmi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tèmi, odidi ọdún kan ló gbà lọ́wọ́ mi.

Ọmọ Kétu ni mí, ní ilẹ̀ Benin. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi níwèé láti kékeré, nítorí náà nígbà tí mo dé Paris láti ṣe máàsítà nínú ìmọ̀ ìtàn, mo rò pé iṣẹ́ náà kò ní í le. Aago mẹ́rin ìdájí ni mò ń jí lọ gbálẹ̀ ọ́fíìsì, tó bá di aago mẹ́wàá mo ti wà ní ilé ìkàwé. Mo kọ ojú ewé 120. Orí tó gùn jù nínú rẹ̀ ni èyí tí mo fi dá Ìyá Ọba lẹ́bi. Òwe wa ni mo fi ṣí i, mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Lójú mi nígbà náà, ẹjọ́ ti parí. Coligny fẹ́ kí ọba bá Sípéènì jagun ní Flanders, Ìyá Ọba kò fẹ́. Ọba ti ń pe Coligny ní bàbá, ó ń gbọ́ tirẹ̀ ju ti ìyá tó bí i lọ. Àfi gbàù tí ìbọn dún.

Lọ́jọ́ tí mo lọ gbèjà iṣẹ́ náà, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó jókòó béèrè ìbéèrè kan péré lọ́wọ́ mi. Ó ní nínú gbogbo àwọn tí mo pè ní ẹlẹ́rìí yìí, èwo ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀? Mo ṣí ìwé mi láti iwájú dé ẹ̀yìn. Kò sí ẹyọ kan. Ìwé ìrántí Tavannes, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun ọba, tí mo gbára lé, ọmọ rẹ̀ ló kọ ọ́ lẹ́yìn tí bàbá ti kú. Ìjẹ́wọ́ tí wọ́n ní Henri Kẹta, àbúrò Charles tó jọba lẹ́yìn rẹ̀, ṣe lóru fún ẹnì kan, èyí tó ti sọ pé òun àti ìyá òun ló gbìmọ̀ rẹ̀, ọba náà ti kú tipẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, àwọn onímọ̀ kò sì gbà pé òun ló sọ ọ́. Wọ́n ní kí n lọ tún iṣẹ́ náà kọ.

Nínú ọkọ̀ ojú irin lálẹ́ ọjọ́ náà, òwe tí mo fi bẹ̀rẹ̀ orí yẹn ló ń yí lọ́kàn mi. Mo ti gbọ́ ọ rí nínú agbo ilé wa, mo sì mọ ohun tó ṣe. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí ọmọ ọdún méjì kan kú lójijì nílé wa. Ìyá bàbá mi ti bá ìyá ọmọ náà jà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹnì kan pa òwe yẹn níbi tí wọ́n ti ń sunkún, ó sì tán. Kò sẹ́ni tó tún jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ títí tó fi kú. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni dókítà sọ fún ìyá ọmọ yẹn pé àrùn fòníkú-fọ̀ladìde wà lára ọmọ tó bí tẹ̀lé e, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun náà ló mú ti àkọ́kọ́ lọ. Màmá àgbà ti wà nínú ilẹ̀. Òwe tí wọ́n fi ba ayé ìyá bàbá mi jẹ́ ni èmi náà gbé lọ sí Paris, tí mo fi lé opó mìíràn lórí.

Wo bí Catherine ṣe rí lójú àwọn èèyàn ìgbà rẹ̀. Àjèjì ni, Florence ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá. Ọkọ rẹ̀ kú lọ́dún 1559, kò sì bọ́ aṣọ dúdú kúrò lọ́rùn. Nígbà tí Jeanne d'Albret, ìyá Henri ọba Navarre, kú ní Paris ní Oṣù Kẹfà 1572, wọ́n ní ìbọ̀wọ́ olóòórùn dídùn ni Catherine fi májèlé sí fún un. Àwọn oníṣègùn ṣí òkú rẹ̀ wò, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n bá níbẹ̀. Síbẹ̀ títí dòní ni àwọn èèyàn ń sọ ìtàn ìbọ̀wọ́ náà.

Bí mo ṣe wá tún iṣẹ́ náà ṣe nìyí, bóyá yóò ràn ọ́ lọ́wọ́. Mo fi ẹni tó jèrè sílẹ̀ ná, mo kọjú sí ojú ọ̀nà tí ìbọn ti dún.

Ní ọjọ́ Ajé, 18 Oṣù Kẹjọ 1572, Henri ọba Navarre, tó jẹ́ Huguenot, fẹ́ Marguerite, àbúrò ọba Faransé, níwájú kàtídírà Notre-Dame. Nígbà tí wọ́n wọlé lọ ṣe Máàsì, ọkọ ìyàwó kò bá wọn wọlé. Àwọn ìjòyè Huguenot ti wá láti gbogbo ìgbèríko sí ìlú tó jẹ́ pé Àgùdà pọ́ńbélé ni. Ní ọjọ́ Ẹtì, 22 oṣù náà, nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, Coligny ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti ààfin Louvre lọ sí ilé tó wọ̀ sí ní òpópónà Béthisy. Ìwé kan ló ń kà bó ṣe ń lọ. Ìbọn dún láti ojú fèrèsé ilé kan nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Germain-l'Auxerrois, ó gé ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì ba apá òsì rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí àwọn èèyàn rẹ̀ já wọlé, ìbọn nìkan ni wọ́n bá. Ẹni tó yìn ín ti gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó ti gun ẹṣin lọ. Ambroise Paré, oníṣẹ́ abẹ ọba, ló tọ́jú ọgbẹ́ náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọba àti ìyá rẹ̀ wá kí i lórí ibùsùn, ọba sì búra fún un pé òun yóò ṣe ìdájọ́ òdodo.

Mo ti rin ọ̀nà náà lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn iṣẹ́ gbígbálẹ̀. Òpópónà Béthisy kò sí mọ́, rue de Rivoli ti gbé e mì. Ara ilé nọ́ńbà 144 ni wọ́n lẹ àkọlé Coligny mọ́. Ìrìn náà kò jìnnà rárá. Ìgbà tí mo rìn ín ni mo rí i pé ẹni tó fẹ́ dènà dè é níbẹ̀ ní láti wà nínú ilé, ilé sì gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ni ín. Àlùfáà kan tó ń jẹ́ Villemur ló ni ilé yẹn. Òun ló ti jẹ́ olùkọ́ Henri, Dúkù Guise, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú Àgùdà, nígbà kan rí. Bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Kí o tó lè mọ ìdí tí ilé Guise fi kórìíra Coligny, o ní láti padà sẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, má fo ibẹ̀ rárá. Ní 18 Oṣù Kejì 1563, nígbà tí François, Dúkù Guise, bàbá Henri, dó ti ìlú Orléans, ọmọ Huguenot kan tó ń jẹ́ Poltrot de Méré yìnbọn fún un. Ọjọ́ kẹfà ló kú. Wọ́n mú Poltrot, wọ́n dá a lóró, ó ní Coligny ló rán òun. Lẹ́yìn náà ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún ní bẹ́ẹ̀ ni. Coligny kọ̀wé pé irọ́ ni. Ó gbà pé òun fún ọkùnrin náà lówó, ó ní iṣẹ́ amí ni owó náà wà fún, ó sì bẹ Ìyá Ọba kí wọ́n má pa á títí òun yóò fi kò ó lójú. Nínú ìwé kan náà ló ti sọ pé ikú Dúkù yẹn ni ohun tó dára jù tó lè ṣẹlẹ̀ sí ìjọba, sí ìjọ Ọlọ́run àti sí ilé òun. Wọn kò dúró. Ní 18 Oṣù Kẹta wọ́n fi ẹṣin fa Poltrot ya ní Paris, ọjọ́ kejì ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà Amboise. Ẹnì kan ṣoṣo tó lè sọ òdodo ti lọ. Ọmọ ọdún méjìlá ni Henri Guise nígbà náà. Lọ́dún 1566 ìgbìmọ̀ ọba jókòó ní Moulins, wọ́n ní Coligny kò jẹ̀bi, wọ́n ní kí ìdílé méjèèjì dìmọ́ra. Ọmọ yẹn kò bá wọn dá sí i. Nígbà tí ìbọn dún ní 1572, ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún.

Ọkùnrin tí gbogbo èèyàn gbà pé ó yìnbọn náà ni Maurevert. Ibí ni ẹni tó bá fẹ́ dá ààfin lẹ́bi ti lè rí nǹkan dì mú, má sì fi pamọ́ fún ẹni tó máa ka iṣẹ́ rẹ. Lọ́dún 1569, ilé ẹjọ́ Paris kéde 50,000 écu, owó wúrà Faransé ìgbà náà, fún ẹni tó bá mú Coligny wá. Maurevert wọ àárín àwọn Huguenot lọ, kò rí Coligny pa, ó yìnbọn pa de Mouy, ọ̀gágun Huguenot tó ti jẹ́ ọ̀gá òun fúnra rẹ̀, láti ẹ̀yìn, ààfin sì san án lẹ́san. Nítorí náà kò ṣàjèjì sí ààfin. Aṣojú Póòpù, Salviati, tó tan mọ́ Catherine fúnra rẹ̀, náà dárúkọ Ìyá Ọba nínú àwọn lẹ́tà tó kọ sí Róòmù. Nígbà tí mo rí àwọn lẹ́tà yẹn, inú mi dùn débi pé mo fẹ́ sáré padà lọ bá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n ohun tó gbọ́ nínú ààfin ló kọ, kò sí nínú yàrá tí wọ́n ti gbìmọ̀. Ó wúwo ju ìwé ìrántí tí ọmọ kọ fún bàbá lọ, mo gbà. Síbẹ̀ kò tó láti fi dá èèyàn lẹ́bi.

Ohun kan tún wà tí ó ń dà mí láàmú nípa ẹ̀sùn náà. Catherine ló ṣe wàhálà àdéhùn àlàáfíà Saint-Germain láàrin Àgùdà àti Huguenot lọ́dún 1570, òun ló sì lépa ìgbéyàwó yẹn títí ó fi ṣeé ṣe. Kí ló dé tí yóò fi ba iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́ ní ọjọ́ kẹrin? Ọgbọ́n orí lásán ni èyí o, kì í ṣe ẹ̀rí. Má ṣe kọ ọ́ bí ẹni pé ẹ̀rí ni.

Àṣìṣe tó tóbi jù nínú iṣẹ́ mi, tí mo sì rí nínú ìbéèrè tìrẹ náà, ni pé mo so ìbọn ọjọ́ Ẹtì àti ìpakúpa ọjọ́ Àìkú pọ̀ di ọ̀ràn kan. Ọ̀ràn méjì ni. Ti ọjọ́ Àìkú kò fara sin. Ní òru 23 mọ́jú 24, ọba, ìyá rẹ̀ àti àwọn ìgbìmọ̀ pinnu ní Louvre láti pa àwọn aṣáájú Huguenot. Wọ́n ti ilẹ̀kùn odi ìlú. Agogo Saint-Germain-l'Auxerrois dún. Àwọn èèyàn Guise wọ ilé tí Coligny dùbúlẹ̀ sí, wọ́n gún un pa, wọ́n jù ú láti ojú fèrèsé, Dúkù sì dúró nísàlẹ̀ ń retí rẹ̀. Àwọn ará ìlú bá bẹ̀rẹ̀ sí í pa aládùúgbò wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin àti ọmọdé. Bí 2,000 sí 3,000 èèyàn ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní ó kú ní Paris nìkan, ó sì tàn dé Orléans, Lyon, Rouen, Bordeaux. Ní 26 oṣù náà ọba lọ sí ilé ẹjọ́ gíga, ó ní òun ló pàṣẹ rẹ̀, pé àwọn Huguenot ti ń dìtẹ̀ mọ́ òun. Ẹ̀jẹ̀ yẹn wà lọ́rùn Catherine, n kò bá a yọ ọ́ kúrò. Ìpakúpa náà ló sì dá ìwádìí lórí ìbọn ọjọ́ Ẹtì dúró, torí àwọn tí ọba yàn láti wádìí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ó tó ṣẹlẹ̀.

Ohun tí mo kọ nínú iṣẹ́ kejì, tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, ni pé ilé náà àti ọdún 1563 tọ́ka sí agbo Guise, pé ìtàn Maurevert fi ọ̀nà kan sílẹ̀ tó lè já sí ààfin, àti pé ẹ̀rí kò tó láti sọ pé Ìyá Ọba ló rán an. Orí tó ti gba ojú ewé 40 di 22. Mo yọ òwe yẹn kúrò.

Fún iṣẹ́ tìrẹ, ya tábìlì kan: orúkọ ẹlẹ́rìí, ibi tó wà ní 22 Oṣù Kẹjọ, ọdún tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kó gbogbo àwọn tí o ti kà sínú rẹ̀ kí o tó tún kọ ìlà kan. Tí èdè Faransé àtijọ́ bá dà ọ́ láàmú níbì kan, kọ gbólóhùn náà síbí, mo máa túmọ̀ rẹ̀ fún ọ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo máa ń ráyè jù.