Ẹ Kọ́kọ́ Wádìí Ẹni Tó Lè Ka Yorùbá

Ìbéèrè olùkọ́ tí wọ́n gbé kíláàsì àgbàlagbà lé lọ́wọ́ ní Ìbàdàn jẹ mí lógún gan-an. Ó ní àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí òun ń kọ́ máa ń da Gẹ̀ẹ́sì kọ láti ojú pátákó lálaalẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò lè sọ gbólóhùn kan ṣoṣo, ó sì ń béèrè ohun tí òun lè ṣe. Irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń kọ́ tipẹ́.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ wádìí ẹni tó lè ka Yorùbá nínú wọn. Èdè nìkan ni ẹni tó ti mọ ìwé kà wá kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò di kálàmù mú rí ń kọ́ èdè àjèjì, ìwé kíkà àti ìwé kíkọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹrù náà sì ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìwé kíkà ní Yorùbá ni mo máa ń fi ṣáájú fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kódà bí ó bá gba oṣù mélòó kan. Lẹ́tà 25 ni a ní, ohun tí a bá sì rí lójú ìwé la fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń pè nígbà gbogbo. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ough ń gbà dún nínú though, through àti cough, àgbàlagbà tó bá sì kọ́kọ́ bá èyí pàdé yóò gbà pé orí òun ni kò gba ìwé mọ́. Babs Fafunwa, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára iṣẹ́ wọn; àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ọmọdé ni wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi ti rí láàárín àwọn àgbà kò yàtọ̀ sí i.

Ní ti ọ̀rọ̀ sísọ, ibi tí àìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti ń dun kálukú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá aláṣọ kan wà ní kíláàsì mi tí kò fẹ́ ju kí òun fúnra òun lè ka áláàtì báńkì lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́ òun jẹ. Láti inú áláàtì yẹn ló ti mọ credit, debit, balance, òǹkà àti orúkọ oṣù, kò sì pẹ́ tó fi ń bá òṣìṣẹ́ báńkì sọ̀rọ̀ láìmú ọmọ rẹ̀ dání.

Bí wọ́n bá sọ pé "She go yesterday", tàbí tí wọ́n pe ọkùnrin ní she, ẹ má dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀rọ̀. "Ó" kan náà la ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin, ọ̀rọ̀ ìṣe wa kì í sì í yí padà nítorí àná. Ẹ kọ àṣìṣe náà sílẹ̀, kí ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo kíláàsì nígbẹ̀yìn láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí àgbàlagbà tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín lójú ọmọ tó lè bí kò ní padà wá lọ́la. Fún he àti she, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi fọ́tò ẹbí wọn tó wà lórí fóònù han ara wọn, kí wọ́n máa sọ iṣẹ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe àti ibi tó ń gbé. Wọn kì í fẹ́ dákẹ́ mọ́ bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ọmọ wọn.