Ọkọ mi tún ilé ṣe, ó sì kó àwọn ohun tí mo fẹ́ràn jù dànù

*Ẹ̀gbọ́n mi, mo rìnrìn àjò iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí n tó dé, ọkọ mi ti tún ilé ṣe. Ó fi kànìnkànìn onírin ha páànù irin tí mo ti ń lò fún ọdún mọ́kànlá, ó rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, ó sì ti dípẹtà. Ó sọ orógùn mi nù torí pé ẹnu rẹ̀ ti jó. Ó kó páálí ìwé méjì, tí mo ti kọ èrò mi sí etí ojú ìwé àwọn kan nínú wọn, fún ojúlùmọ̀ rẹ̀ kan. Ó di kásẹ́ẹ̀tì, àwo fíìmù àti ẹ̀rọ géèmù tí èmi àti àbúrò mi tó ti dolóògbé jọ máa ń gbá sínú àpótí, ó gbé e sẹ́bàá ilẹ̀kùn pé kí wọ́n wá kó o lọ. Orúkọ àbúrò mi ṣì wà nínú géèmù yẹn. Páànù tuntun mẹ́fà ló fi pàdé mi. Mo pariwo, mo sunkún, mo sì sọ lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pé kò mọ iyì ohunkóhun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní mo fẹ́ràn ẹrù ju ọkọ lọ. Ọjọ́ kẹrin rèé tí a ò tíì bá ara wa sọ̀rọ̀. Ṣé òmùgọ̀ ni mí? Ṣé kí n tọrọ àforíjì?*

*Ẹlẹ́kún Páànù*

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Kó o tó ka èyí tó kù, dìde, lọ gbé ẹ̀rọ géèmù yẹn kúrò nínú àpótí ẹnu ọ̀nà. Gbé e sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní kó o mọ́ ẹrù. Mo ń dúró dè ọ́.

Ó dáa. O kì í ṣe òmùgọ̀, ẹkún tó o sun kò sì nílò àforíjì. Ọ̀rọ̀ tó o sọ lójú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ ló nílò rẹ̀. Ẹyin lohùn, o sì ti jẹ́ kó bọ́ lójú ẹlòmíì. Kì í ṣe òótọ́ pàápàá. Ẹni tí kò mọ iyì nǹkan kì í ra páànù mẹ́fà de aya rẹ̀ tó lọ sí àjò. Ohun tí ọkọ rẹ kò mọ̀ ni èwo nínú ẹrù ilé yẹn ló jẹ́ ẹ̀mí rẹ, mo sì ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹta, n kò rí ibi tó o ti sọ fún un rí.

Ohun tí a fẹ́ràn jù kì í sábà dára lójú àlejò. Páànù dúdú, orógùn tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti jẹ lọ torí pé ọwọ́ kan ṣoṣo ló ti ń fi í ro nǹkan, ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Bí ìwọ bá wò ó, ọdún mọ́kànlá lo rí. Bí òun bá wò ó, ẹrù tó ti gbó ló rí, ó sì rò pé ojú ń tì ọ́ láti ra tuntun. Èmi náà ní ọ̀bẹ kan tí mo ti pọ́n títí abẹ rẹ̀ fi tín-ín-rín, tó jẹ́ pé n kì í gbé òmíràn bí mo bá fẹ́ gé nǹkan wẹ́wẹ́. Lọ́jọ́ kan, ọmọ mi fi ṣí agolo, ṣóńṣó rẹ̀ sì kán. Ó dùn mí débi pé n kò lè sọ̀rọ̀ títí di alẹ́. Nígbà tí mo wá là á yé e, ohun tó sọ ni pé, “Mọ́mì, ẹ ò sọ fún mi rí.” Òótọ́ ló sọ. Láti ìgbà náà, gbogbo ará ilé mi ló mọ ọ̀bẹ yẹn, wọ́n mọ ìdí tí mo fi ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń lò ó. N kò fi pa mọ́ fún wọn mọ́.

Síbẹ̀, ọkọ rẹ jẹ̀bi. Ó yẹ kó bi ọ́. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì.

Ní ti páànù, kò kú. Awọ dúdú tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í sì í ṣe ọ̀dà. Òróró ni, tí ooru iná ti yí padà di ohun líle tó lẹ̀ mọ́ irin. Kànìnkànìn onírin ló bó o, omi sì rí irin lásán, ló bá dípẹtà. Mú kànìnkànìn onírin kan náà, kó o fi ha ìpẹtà yẹn tán pátápátá. Fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, nù ún, kó o gbé e lé iná kékeré títí gbogbo omi ara rẹ̀ yóò fi gbẹ. Fi òróró díẹ̀ pa inú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mú aṣọ gbígbẹ, kó o nù ún bí ẹni pé àṣìṣe ni o fi da òróró sí i. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́: bí òróró bá pọ̀ jù, yóò máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí oje igi. Da ojú rẹ̀ dé nínú ófùnù tó gbóná tó ìwọ̀n 230 ní Celsius fún wákàtí kan, kó o jẹ́ kó tutù síbẹ̀. Ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Kò ní dúdú bíi ti tẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, ṣùgbọ́n bó o bá ń dín nǹkan nínú rẹ̀ lemọ́lemọ́, yóò máa dúdú sí i. Ọṣẹ díẹ̀ kò lè pa á lára. Rírẹ ẹ́ sínú omi ni kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ sí i mọ́. Fún ọkọ rẹ ní aṣọ tó o fi ń nu òróró yẹn ní ìgbà kejì tẹ́ ẹ bá ṣe é. Ẹni tó bá ti nu páànù bẹ́ẹ̀ rí kò tún ní rẹ ẹ́ sínú omi láéláé.

Orógùn ti lọ. Wá òmíràn tí igi rẹ̀ le, kó o bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lónìí.

Ìwé ni kó o tètè lépa. Má ṣe béèrè páálí méjèèjì padà, nítorí ìtìjú lo máa kó bá ọkọ rẹ lójú ẹni tó fún. Jókòó, kó o kọ orúkọ àwọn ìwé tó o kọ nǹkan sí létí ojú ìwé wọn sílẹ̀. Bóyá wọn ò ju mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lọ. Àwọn wọ̀nyí nìkan ni kí ọkọ rẹ fúnra rẹ̀ lọ tọrọ. Àwọn yòókù ṣeé rà padà, ṣùgbọ́n kò síbi tí wọ́n ti ń ta ohun tí ìwọ rò nígbà tó o wà ní ọmọ ogún ọdún, ní ìkọ̀wé ìwọ fúnra rẹ.

Mo mọ̀ pé yóò sọ pé orin àti fíìmù wà lórí fóònù. Púpọ̀ nínú wọn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ohun tó wà níbẹ̀, àyè ni wọ́n fún ọ láti gbọ́ ọ tàbí wò ó, o kò ni ín. Bí àdéhùn ẹni tó ni fíìmù àti ẹni tó ń gbé e jáde bá parí, o lè wá a lọ́la kó o má rí i mọ́. Ní ọdún 2009, Amazon, ilé iṣẹ́ tó ń ta ìwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pa àwọn ìwé kan tí àwọn èèyàn ti sanwó fún rẹ́ kúrò lórí ẹ̀rọ ìkàwé wọn láìbéèrè lọ́wọ́ wọn. Wọ́n dá owó padà o, ṣùgbọ́n ẹni tó ti kàwé dé ìdajì kò rí ìdajì tó kù. Àwo tó wà nínú àpótí rẹ kò ní ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì tó o fi ọwọ́ ara rẹ gba ohùn sí kò sí lórí fóònù ẹnikẹ́ni rárá, nítorí náà wá ẹni tí yóò gbé ohùn inú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà kí tẹ́ẹ̀pù yẹn tó gbó jù.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́ ní ìbéèrè kan, kó o sì dá ara rẹ lóhùn láìṣẹ̀tàn. Mélòó nínú àwo fíìmù yẹn lo ti wò láàárín ọdún mẹ́ta? Èyí tó bá jẹ́ pé o kàn tọ́jú rẹ̀ torí pé o ti ní in ni, jẹ́ kó máa lọ. Fi ìyẹn tún nǹkan ṣe pẹ̀lú ọkọ rẹ. Nínú páànù mẹ́fà yẹn náà, mú ọ̀kan tàbí méjì tí ẹ ó jọ máa lò fún ohun tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, kó o sì dúpẹ́ látọkàn wá. Ó fi ayọ̀ rà á ni.

Lọ bá a lálẹ́ òní. Bí èmi bá ni ìwọ, ohun tí màá sọ nìyí: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ lójú ẹ̀gbọ́n yín. Màá pe àwọn náà láti bẹ̀ wọ́n. Mo dúpẹ́ fún páànù. Ohun tó dùn mí ni pé ẹ ò bi mí.” Lẹ́yìn náà, dákẹ́, kó o jẹ́ kó sọ tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò mọ̀ nípa àbúrò rẹ, nítorí náà má gbé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sọ́kàn.

Ó ku ẹ̀rọ géèmù. Bó bá jẹ́ ti àtijọ́ tí wọ́n ń ki kátíríìjì bọ̀, bátìrì róbótó kékeré kan ló wà nínú ọ̀pọ̀ irú kátíríìjì bẹ́ẹ̀ tó ń tọ́jú orúkọ àti ibi tí ẹ gbá géèmù dé. Bí bátìrì yẹn bá kú, orúkọ náà yóò pa rẹ́. Bí o bá yọ ọ́ láti pààrọ̀ rẹ̀, ó lè pa rẹ́ bákan náà. Má ṣí i fúnra rẹ. Tan ẹ̀rọ náà, ya àwòrán ojú rẹ̀ níbi tí orúkọ àbúrò rẹ ti hàn, kó o wá wá ẹni tó ń tún ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ ṣe, tó ní irinṣẹ́ tí yóò fi kó ohun tó wà nínú kátíríìjì náà sórí kọ̀ǹpútà kó tó fọwọ́ kan bátìrì.

Lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ ya àwòrán náà, má dá nìkan ṣe é. Pe ọkọ rẹ kó wá jókòó tì ọ́. Bó bá bèèrè ẹni tó ni orúkọ tó wà lókè yẹn, sọ fún un.