Mò ń jẹun lójú àlá: ṣé májèlé ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì wa. Oṣù 4 rèé tí màámi ti kú, látìgbà yẹn ni mo ti ń rí wọn lójú àlá, wọ́n á gbé iyán fún mi, màá jẹ ẹ́, tí mo bá jí àyà mi á máa lù kì-kì-kì. Àwọn èèyàn ní májèlé ni, kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ 7, bẹ́ẹ̀ mo ní ọgbẹ́ inú. Ẹ̀rù ò tiẹ̀ jẹ́ kí n jẹun alẹ́ mọ́.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ ìyá wa, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sídìí oúnjẹ alẹ́ yín lónìí. Ọlọ́gbẹ́ inú tó bá febi sùn, inú lè máa ta á lóru, á máa ta jí, ẹni tó bá sì ń ta jí láàárín àlá ló máa ń rántí ẹ̀ jù.

Oorun kan wà tá a máa ń wọ̀ ní bíi ìṣẹ́jú 90 síra, ẹyinjú á máa yí kiri lábẹ́ ìpéǹpéjú, ẹ wo ọmọ kékeré tó bá ń sùn ẹ máa rí i, Yunifásítì Chicago ni wọ́n ti kọ ọ́ jáde lọ́dún 1953. Ibẹ̀ ni àlá pọ̀ sí jù, ó sì máa ń gùn sí i bílẹ̀ bá ṣe ń mọ́ bọ̀, ìdí nìyẹn tí àlá ìdájí fi máa ń mú lójú ẹni. Oògùn náà ń dá sí i o: propranolol tí wọ́n ń fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru lè fa àlá burúkú, tẹ́ ẹ bá ń lò ó ẹ sọ fún dókítà, ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Ṣé mò ń sọ pé àlá ò níláárí ni? Rárá o! Àlá tí Jósẹ́fù túmọ̀ fún Fáráò ló gba Íjíbítì lọ́wọ́ ìyàn. Ṣùgbọ́n Bíbélì yẹn náà ló sọ nínú Oníwàásù 5:3 pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló ń mú àlá wá. Ànábì sì kọ́ àwọn Mùsùlùmí pé tí àlá bá bani lẹ́rù, kéèyàn tutọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ sósì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó sá di Ọlọ́run, kó yí ẹ̀gbẹ́ padà, kó má rò ó fẹ́nì kankan. Ẹ ò rí i pé kò sí èyí tó ní kí aláìsàn febi para ẹ̀.

Èmi gbà pé àlá yín lọ́rọ̀ í sọ. Àmọ́ iyán nìkan lẹ sọ fún mi, ẹ ò sọ bójú màmá ṣe rí. Ṣé wọ́n ń rẹ́rìn-ín? Ṣé wọ́n fi ẹran tó tóbi jù pamọ́ sábẹ́ ọbẹ̀ fún yín bíi tìgbà tẹ́ ẹ wà ní kékeré? Ẹ fi ìwé àti bírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, tẹ́ ẹ bá jí ẹ kọ ọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan fóònù. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ló ń rí èèyàn wọn lójú àlá, tí wọ́n sì ń rí ìtùnú níbẹ̀. Tó bá ṣe yín bíi kẹ́ ẹ ṣe sàráà lórúkọ wọn, ẹ ṣe é, tó bá jẹ́ ẹkún ni, ẹ sun ún dáadáa.

Ẹ sọ fún pásítọ̀ tàbí ààfáà yín pé ọgbẹ́ inú ò jẹ́ kẹ́ ẹ lè gbààwẹ̀, kí wọ́n bá yín gbàdúrà. Tí àyà lílù yẹn ò bá lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí wọ́n ní ẹ máa ń pariwo, ẹ ń ta ẹsẹ̀ lójú oorun, ẹ lọ rí dókítà. Ní ti alẹ́ òní, ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín tí ò láta, kó tó di aago 7.