Rum dúdú tó le: ẹ bomi là á kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́

Bọ̀dá, ẹ ní rum dúdú Demerara, ọtí ìrèké láti Guyana, tí ẹ rà ní Wuse, èyí tí wọ́n kọ 151 sí lára, kò ní nǹkan míì ju iná lọ, ẹ sì ń béèrè bóyá ayédèrú ni. Àwa tá a ti ń ta ọtí líle ní Abuja tipẹ́ mọ ìbéèrè yìí dáadáa. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ojúlówó lẹ rà. Bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń ka agbára ọtí ni 151 yẹn; ẹ pín in sí méjì, ó di 75.5%. Wisikí tí ẹ mọ̀, 40% ló sábà máa ń jẹ́. Ta ló fẹ́ tọ́ irú agbára bẹ́ẹ̀ wò láìbomi là á, tó ṣì máa mọ adùn?

Ẹ kọ́kọ́ yẹ èdìdì ìdérí wò, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC. Bí ìfura bá wà, ẹ má fi kan ẹnu rárá. Ẹ má sì gbọ́ tàwọn tó ní kí ẹ ṣáná sí i, pé tó bá ti jó, ó dára. Methanol, ọtí olóró tó ń pani, náà ń jó. Òun ló wà nídìí ikú àwọn tó mu ògógóró ní Irele, ìpínlẹ̀ Ondo, lọ́dún 2015, ahọ́n kì í sì í dá a mọ̀.

Tọ́kàn yín bá balẹ̀, ẹ bu 30 ml sínú ife kékeré, níbi tó jìnnà sí iná gáàsì. Ẹ má ti imú bọ inú ife o. Ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, ẹ la ẹnu díẹ̀, kí ẹ máa rọra fa òórùn rẹ̀. Nínú ooru Abuja, ọtí máa ń yára fẹ́ sókè, ìyẹn ló ń ta yín nímú. Ẹ gbé ìgò síbi tó tutù, àmọ́ kì í ṣe fíríìsà. Òtútù rẹ̀ ń pa òórùn.

Ibi omi gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ máa fi ṣíbí tíì bù ú sí i. Tó bá ti di ṣíbí mẹ́ta, ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 50%. Lẹ́yìn ṣíbí kọ̀ọ̀kan, ẹ dúró, ẹ tún gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn àkọ́kọ́, iná ṣì ni. Lẹ́yìn èkejì, ṣúgà jíjó á yọjú, òórùn igi á tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, tó bá jẹ́ Demerara gidi láti Guyana, ẹ ó gbóòórùn awọ àti èso gbígbẹ, pẹ̀lú ìkorò díẹ̀ nísàlẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ìkòkò onígi tí wọ́n ń pè ní Port Mourant sè ni mo fẹ́ràn jù, kò sí ohun tó jọ ọ́. Ti Jamaica yàtọ̀: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n kọjá ààlà ló sábà máa ń kọ́kọ́ kí yín.

Ẹ má fi dúdú rẹ̀ ṣe nǹkan kan. Ṣúgà jíjó ni wọ́n sábà máa ń fi pa á láró, kì í ṣe ọjọ́ orí.

Ẹ jẹ́ kó yí ká ẹnu, ẹ gbé e mì, ẹ wá ṣọ́ ohun tó kù. Tó bá dára, adùn rẹ̀ á ṣì wà lẹ́nu nígbà tí títa rẹ̀ bá ti lọ. Bó bá jẹ́ títa nìkan ló gbẹ̀yìn, ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti omi ọ̀pẹ̀yìnbó lú u, kò wúlò fún nǹkan míì.

Ẹ má sì bu òmíràn kíákíá: ọtí inú 30 ml yẹn sún mọ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìgò bíà ńlá. Bí ẹ bá máa wakọ̀ padà sí Kubwa, ẹ tu ú dànù, ẹ má gbé e mì.