Jíìnì APOL1 méjì: ṣé mo ṣì lè fún ẹ̀gbọ́n mi ní kíndìnrín?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ọmọ ọdún 34 ni mí, Manchester ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí bàbá àti ìyá mi. Kíndìnrín ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mo ní mo fẹ́ fún un ní ọ̀kan nínú tèmi. Gbogbo àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún mi ló dára, àfi ti jíìnì kan tó ń jẹ́ APOL1. Wọ́n ní G1/G2 ni tèmi, kí n lọ rò ó dáadáa. Dókítà tó bá mi sọ̀rọ̀ ní ara mi dá, àmọ́ tí fáírọ́ọ̀sì kan bá wọ ara mi, interferon lè jí jíìnì náà. Ọ̀rọ̀ náà ò yé mi rárá. Ṣé aláìsàn kíndìnrín ni mí ni? Ṣé mo ṣì lè fún un? Ṣé oògùn wà tí mo lè máa lò kí ó má bàa jí? Àwọn ọmọ mi méjèèjì ńkọ́?

ÌDÁHÙN

Kí Ọlọ́run fún ẹ̀gbọ́n yín ní àlàáfíà. N ó kọ́kọ́ dáhùn èyí tó ń dẹ́rù bà yín jù: rárá, ẹ kì í ṣe aláìsàn kíndìnrín. Ohun tí èsì yẹn ń sọ ni pé APOL1 tí ẹ gbà lọ́wọ́ bàbá yín àti èyí tí ẹ gbà lọ́wọ́ ìyá yín, méjèèjì (ọ̀kan ń jẹ́ G1, èkejì G2) jẹ́ irú tó lè pa kíndìnrín lára bí nǹkan mìíràn bá tì í. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ní méjì bẹ́ẹ̀ ló ń dàgbà darúgbó láìmọ̀ pé ó wà lára wọn. Ìwádìí ńlá kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Rasheed Gbadegesin àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà, tó jáde ní 2024, fi hàn pé nǹkan bí èèyàn 30 nínú 100 ló ní méjì. Tó bá jẹ́ pé kíndìnrín gbogbo wọn ló ń bàjẹ́ ni, ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ ì bá ti pọ̀ ju ilé epo lọ ní Ìbàdàn.

Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá ti dárúkọ jíìnì fún ọmọ Yorùbá, AA, AS àti SS ni ọkàn rẹ̀ ń lọ. Kò burú, wọ́n fi ibì kan jọra: ohun tó gba àwọn baba ńlá wa lọ́wọ́ kòkòrò ni méjèèjì, tí ẹni tó bá sì ní méjì ló ń forí fá a jù. Àmọ́ ọmọ tó bá jẹ́ SS, láti kékeré ni àìsàn náà ti ń yọjú. Ẹni tó ní APOL1 méjì lè pé 80 ọdún kí nǹkan kan má ṣe é. Ẹni tó ní ẹyọ kan náà ò sì bọ́ pátápátá bí a ṣe rò tẹ́lẹ̀: nínú ìwádìí 2024 yẹn, ewu àìsàn kíndìnrín tirẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 ju ti ẹni tí kò ní rárá.

Ohun ìjà ni APOL1 nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ikọ̀ Etienne Pays ní ìlú Brussels ló fi hàn ní 2003 pé òun ló ń pa trypanosome, kòkòrò tí eṣinṣin tsetse máa ń gbìn sára èèyàn àti ẹran, tó sì máa ń fa àìsàn tó ń mú èèyàn sùn ṣáá títí dójú ikú. Kòkòrò náà á gbé APOL1 mì, APOL1 á dá ihò lu ú láti inú, kòkòrò á wú títí á fi bẹ́. Ẹ̀yà kan nínú kòkòrò yìí, èyí tó wà ní apá ìlà oòrùn Áfíríkà, wá ta ọgbọ́n: ó ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní SRA, tó fi ń di APOL1 lọ́wọ́. Apá tí SRA ti ń dì í mú, tàbí ìtòsí rẹ̀, ni G1 àti G2 ti yàtọ̀. Ti G2 ò ju amino acid (ẹyọ tí ara fi ń kọ́ purotéènì) méjì péré tó yọ kúrò lára purotéènì náà lọ, SRA ò sì rí i dì mú dáadáa mọ́. Ẹni tó ní irú rẹ̀ lè yè níbi tí aládùúgbò rẹ̀ ti kú, ó bímọ, ọmọ náà bímọ. Nígbà tí àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà so jíìnì yìí mọ́ àìsàn kíndìnrín ní 2010, wọ́n wo àkójọ DNA àwọn ọmọ Yorùbá Ìbàdàn tí gbogbo ayé ń lò fún ìwádìí, wọ́n sì rí i pé nínú gbogbo ẹ̀dà 100 jíìnì náà, nǹkan bí 38 ló jẹ́ G1. Wọn ò rí i rárá lára àwọn ará Yúróòpù, Ṣáínà àti Jàpáànù tó wà nínú àkójọ kan náà.

Ó wá ku ti interferon tí dókítà yín dárúkọ, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń kéde pé fáírọ́ọ̀sì ti dé. Lásìkò tí ara bá dá, APOL1 tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín ò tó nǹkan. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹ̀ṣọ́ kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa ṣọ́ RNA tàbí DNA tó bá wà níbi tí kò yẹ kó wà. TLR3 ń ṣọ́ RNA. cGAS ń ṣọ́ DNA, bó bá sì ti rí i, á ránṣẹ́ sí ẹnìkejì rẹ̀ tó ń jẹ́ STING. Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, sẹ́ẹ̀lì tó fura á tú interferon síta. Interferon á bá àwọn sẹ́ẹ̀lì ìtòsí, á tún bá ẹ̀jẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn, á so mọ́ ibi tó wà fún un lára sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹ́ńsáìmù JAK tó wà lábẹ́ ibẹ̀ á jí, wọ́n á jí òjíṣẹ́ kan tó ń jẹ́ STAT, STAT á gbéra lọ sí ibi tí DNA wà, á sì tan ọ̀pọ̀lọpọ̀ jíìnì lẹ́ẹ̀kan náà. APOL1 wà lára wọn. Láàárín wákàtí díẹ̀, èyí tí kò tó nǹkan á ti di rẹpẹtẹ.

Lára ẹni tí APOL1 rẹ̀ kì í ṣe G1 tàbí G2, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. Àmọ́ nínú kíndìnrín, sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń jẹ́ podocyte, tó fi ẹsẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ di iṣan ẹ̀jẹ̀ mú. Òun ló ń sẹ́ ìtọ̀ tí purotéènì kì í fi í bá a jáde. Bí G1 tàbí G2 bá pọ̀ lápọ̀jù nínú rẹ̀, irú ihò tí ó ń dá lu trypanosome ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í dá lu sẹ́ẹ̀lì tiwa: pòtásíọ̀mù á máa jò, sẹ́ẹ̀lì á rẹ̀, á já bọ́, kò sì rọrùn kí òmíràn hù rọ́pò rẹ̀. Ikọ̀ kan ní yunifásítì Pennsylvania tún fi hàn ní 2021 pé sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣòfò báyìí á tún fúnra rẹ̀ ta STING àti NLRP3 (ẹ̀ṣọ́ mìíràn tó ń dá ìgbóná sílẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì) jí, ìgbóná á wá máa bí ìgbóná. Ara èkúté ni wọ́n ti rí ìyẹn o, èkúté tí wọ́n fi APOL1 èèyàn sí lára, nítorí èkúté ò ní tirẹ̀.

Ẹ̀rí pé interferon ló ń tì í ò sí lára èkúté nìkan. Nígbà kan, abẹ́rẹ́ interferon ni wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ èèyàn fún àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis C àti àwọn àìsàn mìíràn. Kíndìnrín àwọn kan bàjẹ́ lójijì lẹ́nu abẹ́rẹ́ náà. Ìròyìn kan jáde ní 2015 nípa méje nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀: nígbà tí wọ́n yẹ jíìnì wọn wò, gbogbo wọn ló ní APOL1 méjì. Kò sí fáírọ́ọ̀sì tuntun níbẹ̀, interferon inú abẹ́rẹ́ nìkan ti tó. HIV tí wọn ò tọ́jú ló burú jù, nítorí ọdún àìmọye ló fi ń ru interferon sókè; láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ẹni tó ní méjì fi nǹkan bí ìlọ́po 29 súnmọ́ àìsàn kíndìnrín HIV ju ẹni tí kò ní lọ. Nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, a tún rí irú ìbàjẹ́ kíndìnrín kan náà, ara àwọn tó ní jíìnì méjì ló sì pọ̀ sí jù.

Ẹ béèrè oògùn. Ìdáhùn mi ni pé ẹ má wá oògùn tí yóò pa interferon lẹ́nu mọ́ nígbà tí nǹkan kan ò ṣe yín. Ohun tó ń gbà yín lọ́wọ́ fulúù àti ọ̀pọ̀ àìsàn mìíràn náà nìyẹn. Oògùn baricitinib, tó ń dí JAK lọ́nà, wà nínú ìwádìí tí Dókítà Opeyemi Olabisi ń darí ní yunifásítì Duke. Òmíràn tó ń jẹ́ inaxaplin kì í bá interferon fà á, ihò tí APOL1 ń dá gan-an ló ń dí. Nínú àyẹ̀wò kékeré tó jáde ní 2023, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 13, purotéènì inú ìtọ̀ àwọn tó lò ó fi nǹkan bí ìdajì dín kù. Èmi fẹ́ràn ọ̀nà kejì yìí jù, nítorí ó dà bíi pé kíndìnrín ò nílò APOL1 rárá: àgbẹ̀ kan wà ní Íńdíà tí ara rẹ̀ ò ní ẹyọ kan, trypanosome ẹran mú un, ṣùgbọ́n kíndìnrín rẹ̀ dá ṣáká. Méjèèjì ṣì jẹ́ ti ẹni tí purotéènì ti ń jò nínú ìtọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ò tíì sí níbẹ̀.

Ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ dín ohun tó ń ru ara sókè kù. Ẹ mọ ipò yín nípa HIV, bó bá sì wà, ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ gba abẹ́rẹ́ fulúù, Kòrónà àti hepatitis B tí wọ́n bá fi lọ̀ yín. Abẹ́rẹ́ lè mú ara gbóná fún ọjọ́ kan tàbí méjì, àmọ́ kò tó ìdàrúdàpọ̀ tí àìsàn náà fúnra rẹ̀ ń fà. Tí dókítà kankan bá fẹ́ fún yín ní interferon lọ́jọ́ iwájú, ẹ sọ fún un pé G1/G2 ni yín. Ẹ dẹwọ́ nídìí oògùn ìrora bíi ibuprofen àti diclofenac, kí ẹ sì jìnnà sí àgbo tí ẹ ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe torí APOL1, bí kò ṣe pé kíndìnrín tó ní ewu kan ò yẹ kó tún gbé èkejì.

Ó kan ti ẹ̀gbọ́n yín. Èrò tèmi ni pé kí ẹ má fún un. Ìlànà àgbáyé nípa àwọn tó fẹ́ fúnni ní kíndìnrín, tó jáde ní 2017, ò fi òfin dè é, ó ní kí wọ́n ṣàlàyé fún yín kí ẹ pinnu. Tí ẹ bá ti lé ní 60 ọdún, tí kíndìnrín yín ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ǹ bá rò ó lọ́nà mìíràn, nítorí ohun tó máa ṣe é ì bá ti ṣe é. Ní 34, ọ̀pọ̀ àìsàn ṣì ń bọ̀ lọ́nà tí yóò ru interferon sókè, ẹyọ kíndìnrín kan ṣoṣo ni ẹ ó sì fi dúró dè wọ́n. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2018 nípa àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti fún èèyàn ní kíndìnrín, 19 ló ní jíìnì méjì. Kíndìnrín àwọn méjì nínú wọn daṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá. Iye wọn kéré, àmọ́ mi ò lè gbójú fò ó. Ti ẹ̀gbọ́n yín náà wà níbẹ̀: jíìnì kíndìnrín tí wọ́n gbé sí i lára ló máa ń pinnu ju jíìnì tirẹ̀ lọ. Kíndìnrín tó wá lára ẹni tó ní méjì máa ń tètè bàjẹ́ ju ti ẹlòmíràn lọ. Ẹ lè fi ara yín rúbọ, kó sì tún padà sórí ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ àwọn ọmọ ìyá yín yòókù wò, pẹ̀lú APOL1 o. Àǹfààní tí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn ní láti má ní méjì ò ju mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ, ó sì lè dín sí i, nítorí a ò mọ iye tí bàbá àti ìyá yín ní gan-an. Kí ẹ̀gbọ́n yín wà lórí ìwé àwọn tó ń dúró de kíndìnrín òkú láìdúró dè yín. Kí ó sì béèrè bóyá wọ́n yẹ jíìnì tirẹ̀ náà wò. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ba kíndìnrín wọn jẹ́, nígbà tó jẹ́ pé kíndìnrín tó ń kú lọ ló gbé ìfúnpá wọn sókè.

Àwọn ọmọ yín, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti gba ẹyọ kan lọ́wọ́ yín, ìyẹn dájú. Bóyá wọ́n ní èkejì wà lọ́wọ́ òbí wọn kejì. Mi ò rí ìdí tí ẹ ó fi yẹ jíìnì ọmọ kékeré tí ara rẹ̀ dá wò: kò sí oògùn tí a ó fún un, ẹ̀rù nìkan ni èsì náà máa dá sílẹ̀ nílé. Tí ojú tàbí ẹsẹ̀ ọmọ bá wú, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì ń hó bí omi ọṣẹ, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà.

Ní tiyín, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ ní kí GP yín (dókítà àdúgbò) wọn ìfúnpá yín, kí ó sì ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ tí wọ́n ń pè ní ACR, tó ń wọn purotéènì tó jò sínú ìtọ̀. Ìtọ̀ àárọ̀ ló dára jù. Tí nọ́ńbà náà bá wà lábẹ́ 3, ó di ọdún tó ń bọ̀. Tó bá tó 3, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe. Tó bá ṣì wà bẹ́ẹ̀, ẹ mú èsì APOL1 yín dání, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi yín ránṣẹ́ sí dókítà kíndìnrín.