Èsì: Bàbá tó kọ àmì-ẹ̀yẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè ohun tí ẹ máa ṣe fún bàbá tó ń kó gọ́tà Láfẹ́nwá láràárọ̀, tí wọ́n ní àwọn ò gba àmì-ẹ̀yẹ ẹgbẹ́ yín. Ẹ má fipá mú wọn jáde. Ẹ ra ṣọ́bìrì tuntun fún wọn, kí ẹ sì yan ọ̀dọ́ tí yóò máa bá wọn ṣe é ní Sátidé.

Ìyẹn bó bá jẹ́ pé tọkàntọkàn ni wọ́n fi kọ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ rán ẹni tó sún mọ́ wọn lọ bi wọ́n nínú ilé. Bó bá jẹ́ aṣọ òde ni wọn ò ní, ẹ dá a fún wọn, kí ayẹyẹ máa lọ.

Ẹ rántí Aro níbí, ilé ìwòsàn ọpọlọ l'Abẹ́òkúta. Nígbà Dókítà Adéoyè Lambo, oníṣègùn ọpọlọ tó bẹ̀rẹ̀ ètò náà ní 1954, àwọn ará abúlé àyíká ibẹ̀ ló ń gba aláìsàn ọpọlọ àti ẹbí rẹ̀ sílé. Wọ́n ń gbowó ilé lóòótọ́, àmọ́ ta ló ń fowó ra ojú àánú? Ayé mọ Lambo, òkìkí náà sì tọ́ sí dókítà náà. Àwọn onílé wọ̀nyẹn ńkọ́? Bíi bàbá yìí, wọ́n ṣe rere láìsí òkìkí.

Bí ẹ bá ti ń bá bàbá ṣiṣẹ́, ẹ kó ẹrẹ̀ kúrò létí gọ́tà lọ́jọ́ náà gan-an, kí òjò má baà gbá a padà.