Ìyá Ìbejì, mítà kọ́ ló ń jẹ owó yín

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìbàdàn ni à ń gbé, èmi, bàbá àwọn ọmọ àti ọmọ mẹ́ta. Kí wọ́n tó kó àdúgbò wa sí Band A, ìpele àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná jù, tí a bá ra iná ₦10,000, ó máa ń tó ọjọ́ 12. Ní báyìí, ọjọ́ 4 péré ni. Mo ti ń pa tẹlifíṣọ̀n mọ́ àwọn ọmọ lójú, mo ń yọ ṣájà fóònù kúrò lára ògiri, síbẹ̀ kò yàtọ̀. Hot plate ni mo fi ń se oúnjẹ. Ríìngì ni mo ń tì bọ omi ìwẹ̀ àwọn ọmọ láàárọ̀, báàkẹ́ẹ̀tì méjì. A ní fírísà tòkunbọ̀ ńlá kan tí mo fi ń ta omi tútù nígbà kan, fáànù mẹ́ta, tẹlifíṣọ̀n, áyọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga, àti gílóòbù pupa oní-100 méjì tí à ń tàn síta mọ́jú nítorí olè. Ẹnìkan ti sọ fún ọkọ mi pé òun lè bá wa ṣe mítà náà kó má máa kà tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ọkọ mi sì fẹ́ gbà. Ṣé kì í ṣe pé mítà yìí ń rẹ́ wa jẹ?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó ilé, ẹ sì kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ iná, irú ìbéèrè yín yìí ni mo sì ń gbọ́ jù lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá mítà láre, nítorí ohun tí ẹ̀yin fúnra yín kọ ló gbè é lẹ́yìn.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso iná, gbé owó iná Band A láti nǹkan bí ₦68 lọ sí ₦225 fún yúnìtì kan. Wọ́n dín in kù sí ₦206.80 ní oṣù Karùn-ún, ó sì tún gòkè sí ₦209.50 ní oṣù Keje. Tí a bá gbé VAT lé ₦209.50 yìí, tó jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, yúnìtì kan á tún tó ₦225 náà. Iye yẹn ni màá fi ṣírò. Ẹ wo rìsíìtì yín. Bí tiyín bá yàtọ̀ díẹ̀, ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tí yúnìtì jẹ́ ₦68, tí VAT sọ ọ́ di nǹkan bí ₦73, ₦10,000 yín ń ra bíi 137. Ẹ pín in sí ọjọ́ 12, yúnìtì 11 àti díẹ̀ ni ilé yín ń jẹ lójúmọ́. Báyìí, ₦10,000 ń ra 44. Ẹ pín in sí ọjọ́ 4, yúnìtì 11 náà ni. Ṣé ẹ rí i? Ilé yín kò jẹ iná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mítà kò sì purọ́. Owó ló di ìlọ́po mẹ́ta.

Nítorí náà, ẹ bá mi bẹ bàbá àwọn ọmọ kí wọ́n má gbà fún ẹni yẹn. Olè jíjà ni lójú òfin, ẹni tó ni mítà ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ wá, kì í ṣe ẹni tó gba owó ọwọ́ yín lọ. Èyí tó tún ń dẹ́rù bà mí ju ẹjọ́ lọ ni iná. Ibi tí kò yẹ ni wọ́n ti máa ń já irú wáyà bẹ́ẹ̀ pọ̀, wọ́n á kàn fi téèpù wé e. Tí ojú ibi tí wọ́n so yẹn bá gbóná lóru, kò sí ohun tó máa já iná náà kí ó tó ran òrùlé. Ẹ ní ọmọ mẹ́ta nínú ilé yẹn.

Ó wá ku ohun tó ń jẹ yúnìtì 11. Yúnìtì kan ni ohun tí nǹkan oní-1000 wáàtì ń jẹ tí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan. Ìyẹn ni pé nǹkan méjì ló ń gbé owó lọ: ohunkóhun tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú nǹkan gbóná, àti ohunkóhun tí a kì í pa. Ṣájà fóònù kò sí nínú méjèèjì. Tí ẹ bá fi fóònù kan sí iná fún wákàtí mẹ́ta, kò jẹ tó ₦7. Tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú dikódà, fún wákàtí mẹ́fà, kò ju bíi ìdajì yúnìtì lọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wo eré wọn.

Gílóòbù ìta ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Oní-100 méjì jẹ́ 200 wáàtì. Láti agogo 7 alẹ́ sí agogo 7 àárọ̀ jẹ́ wákàtí 12. Yúnìtì 2.4 nìyẹn, ₦540 lóru ọjọ́ kan, ó lé ní ₦16,000 lóṣù, fún gílóòbù méjì! Gílóòbù pupa yẹn, ooru ni ó ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú iná tó ń jẹ ṣe, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ló ń mú jáde. Ẹ fi LED oní-9 wáàtì méjì rọ́pò wọn, owó òru kan kò ní tó ₦50, olè kò sì ní rí òkùnkùn sá sí. Nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ, èyí ló rọrùn jù, ó sì lè ti parí kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Ẹ wo inú ilé náà, bóyá gílóòbù pupa kan ṣì kù ní balùwẹ̀ tàbí ní kíṣínì.

Fírísà ló tẹ̀ lé e, òun ló sì gba kí a fara balẹ̀. Fírísà ńlá tòkunbọ̀ tó ti pẹ́ lè jẹ tó yúnìtì 3 lójúmọ́. ₦675 nìyẹn, ó lé ní ₦20,000 lóṣù. Nígbà tí ẹ ń ta omi tútù, ó ń bá yín pa owó díẹ̀ padà. Báyìí tí ẹ kò tà mọ́, kí ló wà nínú rẹ̀? Tí ó bá jẹ́ ẹran díẹ̀, ẹja díẹ̀ àti ata lílọ̀, owó ilé ńlá lẹ ń san fún yàrá kan. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ tà á, kí ẹ fi owó rẹ̀ kún owó fìríìjì kékeré tó ní fírísà lórí. Kí ẹ ra tuntun bí agbára bá gbé e. Mo mọ̀ pé tòkunbọ̀ dínwó lójà, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ jèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á, iná á gbà á padà kí ọdún tó yí po.

Tí kò bá tíì ṣeé tà, ẹ wo rọ́bà etí ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ fi owó bébà há a, kí ẹ pa ìlẹ̀kùn dé, kí ẹ wá fà á. Bí ó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, atẹ́gùn gbígbóná ń gba ibẹ̀ wọlé, ẹ̀rọ rẹ̀ kò sì ní sinmi. Àwọn tó ń tún fírísà ṣe ní rọ́bà yẹn. Ẹ sún un kúrò lára ògiri, kí ó jìnnà tó àtẹ́lẹwọ́ kan, nítorí ooru tó ń lé jáde nínú oúnjẹ gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà lọ. Bí yìnyín bá ti nípọn lára ògiri inú rẹ̀, ẹ pa á kí yìnyín náà yọ́. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha á o, ihò kékeré kan ti tó láti ba fírísà jẹ́ pátápátá. Kí ẹ sì fi ìgò omi kún àyè tó ṣófo. Omi tó ti dì á máa bá yín mú òtútù náà dúró, pàápàá tí wọ́n bá mú iná lọ. Fírísà tó kún, tí a kò ṣí, lè dá ohun inú rẹ̀ sí fún nǹkan bí ọjọ́ méjì.

Àwọn kan máa ń pa fírísà lóru láti fi tọ́jú owó. Èrè rẹ̀ kéré ju bí wọ́n ṣe rò lọ, nítorí tí wọ́n bá tàn án láàárọ̀, ó máa fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ kí ó tó dá òtútù tó sọ nù padà.

Ó wá kan hot plate. Màá sọ òótọ́ fún yín: gáàsì kì í ṣe ọ̀fẹ́. Hot plate oní-1500, tí ẹ bá fi se oúnjẹ fún wákàtí kan ààbọ̀ lójúmọ́, jẹ yúnìtì 2.25, bíi ₦500. Oúnjẹ kan náà máa jẹ gáàsì tó ìdá kan nínú mẹ́rin kílò kan. Bí kílò bá jẹ́ ₦1,200, ₦300 nìyẹn. Gáàsì ló dínwó, àyàfi tí owó rẹ̀ bá lọ sókè dé nǹkan bí ₦2,000 sí kílò kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà lẹ máa fi rí èrè jù. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kí ẹ da omi náà nù, kí ẹ sì fi ìkòkò tó ń há ooru mọ́ra (pressure cooker) sè é. Ẹ̀wà tó ń gba wákàtí méjì lórí hot plate lè má gbà tó ìṣẹ́jú 40 mọ́. Bí ẹ kò bá tíì ní sítóòfù gáàsì, ẹ má ṣe yá owó èlé láti rà á; owó tí ẹ bá rí lára gílóòbù lóṣù méjì á ra kékeré kan.

Omi ìwẹ̀ náà ní ìṣirò tirẹ̀. Láti gbé báàkẹ́ẹ̀tì omi lítà 20 láti ìwọ̀n 25 dé ìwọ̀n 45, tí ẹ máa fi omi tútù là kí ó tó kan ara ọmọdé, ó máa jẹ bí ìdajì yúnìtì. Báàkẹ́ẹ̀tì méjì jẹ́ yúnìtì kan, ₦225 ní àràárọ̀. Ìdajì báàkẹ́ẹ̀tì tó ọmọ ọdún márùn-ún wẹ̀. Ìyá mi máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì dúdú omi sójú oòrùn láti agogo 11, tí a bá ti ilé ìwé dé, omi ti lọ́ wọ́rọ́ fún ìwẹ̀ ìrọ̀lẹ́, kò sì gba owó kankan lọ́wọ́ wọn. Tí ẹ bá yí ìwẹ̀ àwọn ọmọ sí ìrọ̀lẹ́ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, òótọ́ ni pé ríìngì lè máà ní iṣẹ́ mọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì ń lò ó, mo bẹ̀ yín, ẹ yọ ọ́ kúrò lára sókẹ́ẹ̀tì kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó kan omi náà, kí àwọn ìbejì má sì wà nítòsí rẹ̀.

Èyí tó kù kò ní pẹ́. Aṣọ ọ̀sẹ̀ kan ni kí ẹ máa lọ̀ pa pọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, nítorí àtigbóná áyọ́ọ̀nù lójoojúmọ́ ló ń ná owó. Fáànù mẹ́ta jẹ bíi yúnìtì 1.4, ìyẹn kò burú, oorun yín ṣe pàtàkì. Ẹ̀rọ kànga kò tó ìdajì yúnìtì bí táńkì kò bá ń kún dànù. Ẹni tó ń ka èyí tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, kí ó gbé e sí 25 tàbí 26, kí ó tan fáànù mọ́ ọn, kí ó sì máa fọ asẹ́ (filter) inú rẹ̀.

Tí ẹ bá ṣe èyí tó wà lápá yín, yúnìtì 11 lè bọ́ sí 5 tàbí 6, ₦10,000 á sì tó ọjọ́ 8, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ máa yọ owó gáàsì sọ́tọ̀.

Kí ọkàn yín lè balẹ̀ nípa mítà, ẹ dán an wò fúnra yín. Iná pupa kékeré kan wà lójú rẹ̀ tó ń ṣẹ́jú. Lára ọ̀pọ̀ mítà, wọ́n kọ 1000 imp/kWh sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tí ó bá ṣẹ́jú ní ìgbà 1000, yúnìtì kan ti lọ. Ẹ pa gbogbo nǹkan inú ilé, kí ẹ yọ wọ́n kúrò ní sókẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì dúró níwájú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Kò yẹ kí ó máa ṣẹ́jú. Tí ó bá ń ṣẹ́jú, wáyà kan ń jò, tàbí ẹlòmíì wà lórí iná yín. Ní ilé kan tí mo ti ṣiṣẹ́, obìnrin kan ń san owó ẹ̀rọ kànga gbogbo agboolé láti ọjọ́ tó ti kó débẹ̀, kò sì mọ̀. Ẹni tó fa wáyà ilé náà ló so ẹ̀rọ náà mọ́ mítà obìnrin yìí. Èyí kò jọ ọ̀rọ̀ tiyín, ṣùgbọ́n ẹ wò ó.

Ọ̀nà yìí kan náà lẹ máa fi mọ iye tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Ẹ tan ẹyọ kan ṣoṣo, kí ẹ ka iye ìgbà tí iná pupa náà ṣẹ́jú láàárín mínítì 6, kí ẹ fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ 150, nǹkan yẹn jẹ́ 1500 wáàtì.

Ẹ̀tọ́ yín náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń san owó Band A gbọ́dọ̀ máa rí iná fún wákàtí 20, ó kéré tán, lójúmọ́. Bí ilé iṣẹ́ tó ń pín iná kò bá lè ṣe é fún ọjọ́ 7 léraléra, àṣẹ tí NERC pa ní ọdún 2024 ni pé kí wọ́n rẹ àdúgbò náà sílẹ̀ kúrò ní Band A, kí owó sì bá a wálẹ̀. Ẹ fi ìwé kan sí ẹ̀gbẹ́ mítà, kí ẹ máa kọ ìgbà tí iná dé àti ìgbà tó lọ. Kí ẹ̀yin àti àwọn aládùúgbò jọ mú un lọ sí ọ́fíìsì wọn, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Tí wọn kò bá dáhùn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń ṣàkóso iná ní ìpínlẹ̀ yín tàbí NERC.

Fírísà yẹn ló ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ pa gbogbo nǹkan tó kù, kí ẹ ka mítà fún òun nìkan fún wákàtí méjì gbáko, nítorí ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń sinmi tí á sì tún dìde. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, màá sì sọ fún yín bóyá rọ́bà ló fẹ́ tàbí oníbàárà.